Bí Èjìká Mi Ṣe Tú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Apá
Nígbà tí mo dín ọ̀rá ara mi kù, awọ apá mi ń rọ̀ dirodiro, ni mo bá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gé e. Ojú ọgbẹ́ náà gùn láti abíyá dé ìgúnpá. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè já, mo bá pa apá méjèèjì mọ́ra bí adìẹ tí òjò pa. Àṣìṣe mi nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, èjìká mi ti gan bí igi. Mi ò lè ya irun.

Dókítà yẹ ojú ọgbẹ́ wò, ó ní ó ti ń jinná dáadáa, àìlo èjìká ló mú un gan. Bó ṣe ní kí n ṣe é ni mo ṣe é: mo kọjú sí ògiri, mo ń fi ìka rìn gòkè díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí mo bá dé. Ìlà àkọ́kọ́ kò ga ju imú mi lọ. Bí awọ bá fà díẹ̀, mo máa dúró níbẹ̀, màá mí kanlẹ̀. Bó bá gún mi bí abẹ́rẹ́, màá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mi ò gbé garawa omi, mi ò gbé ọmọ, títí dókítà fi yọ̀ǹda ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ọgbẹ́ bá là, tó ń ṣọyún, tàbí tí apá kan bá ṣàdédé wú, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ pe dókítà yín kíákíá.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo we gèlè mi fúnra mi.