Bí mo ṣe dán àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe físíìsì wò

Àwọn ọmọ yunifásítì tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn lápá Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí, gbogbo wọn ló ti ń fọwọ́ ba Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ṣùgbọ́n ẹnì kan á kọ kóòdù lálẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀ ó ti wà lórí WhatsApp gbogbo wọn, á sì ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Mi ò lè tìtorí pé kóòdù ṣiṣẹ́ kí n wá fún èèyàn ní máàkì.

Pendulum, ìyẹn nǹkan tó rọ̀ tó ń fì lọ fì bọ̀, ni mo fi dán wọn wò: irin kékeré tó wúwo lẹ́nu ọ̀pá tín-ín-rín fífúyẹ́ tó gùn ní mítà kan. Kí ẹnikẹ́ni tó tan laptop, mo pín bébà, mo ní kí wọ́n kọ iye sẹ́kọ́ọ̀ndì tó máa fi lọ tó máa fi bọ̀ tá a bá fà á díẹ̀, àti tá a bá fà á dé 90 degree. Èyí tó pọ̀ nínú wọn kọ 2 sí méjèèjì! Fọ́múlà tí wọ́n há sórí láti sẹ́kọ́ńdírì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí a bá fà á díẹ̀ nìkan ló bá a mu, tó bá dé 90 ó máa tó bíi 2.37.

Lẹ́yìn náà ni mo wá fún wọn ní kóòdù tí mo fi ọ̀nà Euler kọ, ìyẹn ọ̀nà tá a fi ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń lọ ní ìṣísẹ̀ kéékèèké, kò gbé error kankan jáde, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pẹ́ ni pendulum yẹn ń fì sókè sí i, ẹnikẹ́ni ò sì tì í. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó fà á. Ibí yìí gan-an ni mo ti ń rí ẹni tó yé. Ọmọbìnrin kan ní kí kóòdù náà máa tẹ energy (agbára) pendulum jáde, ó rí i pé ó ń pọ̀ sí i, ó wá gé dt, ìyẹn àkókò kékeré tó wà láàárín ìṣísẹ̀ kan sí èkejì, sí méjì, àlékún yẹn náà sì wálẹ̀ sí bí ìdajì, ló bá ní "Sà, kọ̀ǹpútà ló ń fi energy kún un, kì í ṣe pendulum." Inú mi dùn gan-an! Ìlà kan péré ló sì tún un ṣe, kó kọ́kọ́ ṣírò velocity (bó ṣe ń yára), kó wá fi velocity tuntun yẹn ṣírò position (ibi tó wà).

Iná lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu, a ṣe é lórí bébà náà ni. Mo máa pa ìlà kan rẹ́ nínú kóòdù ẹni tó bá jókòó síwájú mi, màá ní kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tí gíráàfù ẹ̀ rẹwà jù ò lè sọ iṣẹ́ tí dt ń ṣe. Àlàyé ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù, mo sì ti sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ náà la máa ṣe tá a bá fi ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ kún un.