Bí a ṣe ń ya àmì ọ̀ṣọ́ ìtẹ̀wé fún ìgbátí ojú ìwé

Àmì ọ̀ṣọ́ ìtẹ̀wé kì í ṣe àwòrán òdòdó lásán. Ẹyọ kan ni ẹ óò yà, ṣùgbọ́n kò ní dá dúró níbì kankan: ogún tàbí ọgbọ̀n irú rẹ̀ ni yóò tò tẹ̀lé ara wọn létí ojú ìwé, òǹkàwé á sì rí gbogbo wọn bí ìgbátí kan ṣoṣo. Nítorí náà, ibi tí ẹyọ kan ti pàdé èkejì gan-an ni iṣẹ́ wà. Òdòdó tó rẹwà lè di ìgbátí jákujàku bí ojú ìpàdé rẹ̀ kò bá gún. Bí ó bá gún, ewé kékeré kan ṣoṣo tó láti ṣe ojú ìwé lọ́ṣọ̀ọ́.

Láyé lẹ́tà òjé, orí àpótí onígun mẹ́rin ni wọ́n ń rọ ọ̀pọ̀ irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ sí, kí òǹtẹ̀wé lè fi ọwọ́ yí i sí ọ̀nà mẹ́rin. Robert Granjon, ará ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún 16, gé ewé arabesque (ọ̀ṣọ́ ewé àti ìtàkùn tó lọ́ mọ́ra) lọ́nà yìí: ẹyọ díẹ̀ péré, tí ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n kò lóǹkà. Nínú fọ́ǹtì kọ̀ǹpútà, kò sí ọwọ́ tí yóò yí i. Ipò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ àmì tirẹ̀, lórí bọ́tìnnì tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpótí fi gbọ́dọ̀ pé kí ẹ tó fa ìlà àkọ́kọ́.

Àpótí

Ẹ ṣí fáìlì tuntun nínú FontForge (ọ̀fẹ́ ni) tàbí Glyphs, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya fọ́ǹtì. Ẹ fi em (gíga àpótí àmì) sí 1000 yúníìtì (ìdiwọ̀n kékeré inú fọ́ǹtì), ascender (òkè àpótí) sí 800, descender (ìsàlẹ̀ rẹ̀) sí -200, line gap (àlàfo àfikún láàárín ìlà) sí 0. Ibi mẹ́ta ni fọ́ǹtì ń tọ́jú gíga sí: hhea, typo àti win. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbátí tó dì mọ́ra nínú ètò kan á fi àlàfo sílẹ̀ nínú òmíràn. Kí fífẹ̀ àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1000 géérégé, kí àlàfo ọ̀tún àti òsì jẹ́ 0. Ẹ fún bọ́tìnnì àlàfo náà ní 1000, nítorí òun ni ẹ óò fi kún inú ìgbátí níbi tí kò ti sí ọ̀ṣọ́.

Àpótí yín wá lọ láti 0 dé 1000 ní ìbú, láti -200 dé 800 ní òòró. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni (500, 300). Ẹ fa ìlà atọ́nà gba ibẹ̀ kọjá ní ìbú àti ní òòró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi 500 ṣe àárín òòró, tí gbogbo ohun tí wọ́n bá yí lẹ́yìn náà kì í fi í bára mu.

Ẹyọ ẹ̀gbẹ́

Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà á sórí pépà, nínú àpótí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10. Mìlímítà kan á dúró fún yúníìtì 10, ẹ ó sì lè fi rúlà wọn ohun gbogbo. Ìtàkùn pẹ̀lú ewé ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ìtàkùn wọlé lápá òsì ní gíga 300, kó jáde lápá ọ̀tún ní gíga 300. Láàárín, ẹ lè mú un lọ sókè sódò bó ṣe wù yín. Bí nínípọn rẹ̀ bá jẹ́ 60, kí ó wà láàárín 270 àti 330 ní etí méjèèjì, láìfi yúníìtì kan yẹ̀. Kí ọwọ́ ìlà (ọ̀pá kékeré tó ń darí bí ìlà ṣe ń tẹ̀) tó wà létí náà nà gbọọrọ ní ìbú. Bí ó bá dagun díẹ̀, ojú á rí orúnkún ní gbogbo ibi tí ẹyọ méjì ti pàdé, bí nọ́ńbà tilẹ̀ bára mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ na ìtàkùn yọ síta ní yúníìtì 5, dé -5 lósì àti 1005 lọ́tùn-ún. Bí ó bá dúró sí 0 àti 1000, okùn funfun tín-ín-rín á máa hàn ní ojú ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà àti nínú PDF, nítorí kọ̀ǹpútà máa ń fi àwọ̀ eérú pa etí àmì. Ẹ má jẹ́ kó ju 10 lọ. Yàtọ̀ sí ìtàkùn yìí, kí ohunkóhun má sún mọ́ etí ju 40 lọ, kí funfun 80 lè wà láàárín ewé ẹyọ kan àti ewé aládùúgbò rẹ̀.

Ní ti nínípọn, ẹ fi ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ óò lò ṣe ìṣirò. Ní 12 pọ́ìntì, yúníìtì kan jẹ́ 0.012 pọ́ìntì. Ìlà 0.25 pọ́ìntì, tó tín débi tí ó lè já nígbà ìtẹ̀wé, jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 21. Àwa kì í jẹ́ kí iṣan ewé tín ju 25 lọ. Funfun nílò ju bẹ́ẹ̀, nítorí íǹkì máa ń tàn: 40 ló kéré jù. Ẹ wo ibi tí ewé ti yọ lára ìtàkùn dáadáa. Igun mímú tó wà níbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kó íǹkì jọ, tí ewé àti ìtàkùn á fi di òkìtì dúdú kan. Ẹ gé igun náà jinlẹ̀ ní yúníìtì 15 sí 20 ju bí ojú ṣe fẹ́ ẹ lọ. Íǹkì fúnra rẹ̀ á dí i padà.

Igun

Igun le ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ mú igun òkè ọ̀tún. Ìtàkùn wọlé ní (0, 300), ó sì gbọ́dọ̀ jáde nísàlẹ̀ ní (500, -200). Ìlà àárín rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin òbìrìkìtì: ọwọ́ ìlà àkọ́kọ́ wà ní (276, 300), èkejì ní (500, 76). Ẹ fi 30 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà yìí láti fún un ní nínípọn 60, kí ẹ sì na òpin rẹ̀ méjèèjì síta ní 5.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé funfun máa ń pọ̀ níta, tí dúdú sì ń há mọ́ra nínú. Ẹ fi ewé tó tóbi ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, tàbí òdòdó tí kò tíì là, sí apá ìta kó kọjú sí (1000, 800), kí ẹ dín ewé inú kù tàbí kí ẹ yọ ọ́ pátápátá. Ẹ rọra dijú díẹ̀ wo ìgbátí látòkèèrè. Bí igun bá kọ́kọ́ wọ ojú yín ṣáájú ẹ̀gbẹ́, ó dúdú jù.

Yíyí àmì

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ewé ń kọjú sí. Bí ewé bá ń lépa ara wọn yí ojú ìwé ká, àmì 8 tó: igun 4, ẹ̀gbẹ́ 4. Bí tọ̀tún tòsì bá ní láti kọjú síra wọn ní àárín, ó di 16: igun 4, ẹ̀gbẹ́ 8, àárín 4. Ẹ fi 8 bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má yí àmì láti àárín àwòrán fúnra rẹ̀, nítorí kì í sábà bá àárín àpótí mu. Ẹ yí i láti (0, 0), kí ẹ wá sún un:

- dígírì 90 sápá òsì: 800 sọ́tùn-ún, 200 sísàlẹ̀
- dígírì 180: 1000 sọ́tùn-ún, 600 sókè
- dígírì 90 sápá ọ̀tún: 200 sọ́tùn-ún, 800 sókè

Fún èyí tó rí bíi ti inú dígí, ẹ yí ọ̀tún sí òsì, kí ẹ sún un 1000 sọ́tùn-ún. Èyí ń dojú ìrìn ìlà rú, ihò inú ewé sì lè dí. Àṣẹ Correct Direction nínú FontForge ló ń tún un ṣe. Ẹ fi reference (àmì tó kàn ń tọ́ka sí àkọ́kọ́) ṣe ipò tó kù dípò ẹ̀dà, kí àtúnṣe tí ẹ bá ṣe sí àkọ́kọ́ lè dé ara gbogbo wọn.

Bọ́tìnnì àti ìdánwò

Ẹ to àmì sórí bọ́tìnnì bí wọ́n ṣe tò sójú ìwé, kí ẹni tó ń lò ó má baà há a sórí:

qwwwwe
a    d
zxxxxc

Ẹ fi àmì kan náà sí lẹ́tà ńlá, nítorí ọ̀pọ̀ ètò ìkọ̀wé máa ń sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá láìgba àṣẹ, igun á sì pòórá.

Ẹ tẹ ìdánwò ní 12, 18, 24 àti 36 pọ́ìntì. Kí àlàfo ìlà sí ìlà dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n lẹ́tà, 24 lórí 24. Kí tracking (àlàfo tí a fi kún àárín gbogbo lẹ́tà) jẹ́ 0, kí kerning (àtúnṣe àlàfo láàárín lẹ́tà méjì) jẹ́ Metrics, kì í ṣe Optical, nítorí Optical á máa fa ẹyọ mọ́ra bó ṣe wù ú. Ẹ to ìlà sápá òsì. Bí ẹ bá nà án dé etí méjèèjì, àlàfo inú á fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á sì yẹ̀.

Kí ẹ tó tò ó sójú ìwé, ẹ ṣe ìṣirò. Pọ́ìntì kan jẹ́ mìlímítà 0.3528, nítorí náà ẹyọ 12 pọ́ìntì gba 4.23. Fún ìgbátí tó fẹ̀ ní mìlímítà 120, 28 ló wọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ 118.5. Bí ẹ bá fẹ́ ẹyọ àárín, iye náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín sí méjì: ẹ lo 29, kí ẹ dín ìwọ̀n lẹ́tà kù sí 11.73 pọ́ìntì, á sì bọ́ sí 120. Ẹ má fa ìgbátí náà gùn ní apá kan láti fi bá ojú ìwé mu. Ìtàkùn òkè àti ti ẹ̀gbẹ́ kò ní nípọn bákan náà mọ́.

Bí ẹ bá sì rí i ní 72 pọ́ìntì pé ìtàkùn ti wúwo, tí ewé ṣófo, ẹ má tún ti 12 pọ́ìntì ṣe nítorí rẹ̀. Ẹ ya fọ́ǹtì kejì fún ìwọ̀n ńlá: ìtàkùn 35 dípò 60, iṣan ewé 10, ojú ìpàdé ní gíga 300 kan náà.