Irun Tó Ń Re: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Fà Á àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Èyí Tó Kù

Kò sí orí tí irun kì í re. Nǹkan bíi 100,000 ihò irun ló wà lórí àgbàlagbà, irun bíi 50 sí 100 ló sì ń re lójúmọ́ lórí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹni tó bá di irun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí ì bá ti máa re díẹ̀díẹ̀ á há sínú dídì náà. Lọ́jọ́ tó bá tú u, á rí òṣùṣù irun lọ́wọ́, á sì figbe ta pé orí òun ti ń pá. Kò tíì pá. Ṣùgbọ́n ìgbà míì wà tí irun tó ń re ń fi àìsàn inú ara hàn, òmíràn sì wà nínú rẹ̀ tí kò gba ìdúró rárá. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó náwó sórí òróró tàbí oògùn kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó ń ṣe yín.

Irun kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀. Á fi ọdún 2 sí 6 hù, ní ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Lẹ́yìn náà, híhù rẹ̀ á dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, á sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, á wá re, òmíràn á sì yọ látinú ihò kan náà. Nínú irun mẹ́wàá tó wà lórí, bíi mẹ́sàn-án ló ń hù lọ́wọ́. Ìsinmi oṣù mẹ́ta yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí ohun tó bá da ara láàmú lónìí kì í hàn lórí títí di oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí irun rẹ̀ ń re ní Oṣù Kẹfà, ohun tó ṣe é ní Oṣù Kẹta ni kó rántí, kó má di ẹ̀bi ru ṣáńpù tó rà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ wo irun tó bọ́ sílẹ̀

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ bí irun yín bá dúdú, kó jẹ́ aṣọ dúdú bó bá ti ń hewú. Ẹ kó irun tó wà lára ìyarun sórí rẹ̀, kí ẹ wá wo ìdí àti ṣóńṣó rẹ̀ níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí kókó funfun kíún nídìí rẹ̀, láti ìdí ló ti wá. Bó bá kúrú, tí kò sí kókó kankan nídìí rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ rí jákujàku tàbí tó là sí méjì, kò re, ńṣe ló já. Irun tó ń já kì í sábà jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ tàbí họ́mọ̀nù. Ohun èlò gbígbóná, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú irun nà àti ìyarun tí a fi ipá lò ló máa ń fà á.

Ẹ tún ṣe èyí lọ́jọ́ tí ẹ ò tíì fọ orí: ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka méjì mú irun bíi 50 nítòsí awọ orí, kí ẹ rọra fà á bọ̀ títí dé ṣóńṣó. Ẹ má fi agbára sí i. Ẹ ṣe é níwájú, ní àtàrí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ní ìpàkọ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ló tẹ̀ lé ọwọ́ yín, kò sí wàhálà. Bó bá ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, ó ń re ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wo ibi tó ti ń dín kù

Ẹ fi fóònù ya àtàrí, iwájú orí àti ẹ̀bátí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lábẹ́ iná kan náà. Ojú tó ń wo orí lójoojúmọ́ kì í tètè rí ìyàtọ̀.

Bí irun ọkùnrin bá ń sún sẹ́yìn ní ẹ̀bátí, tí àtàrí rẹ̀ sì ń ṣí, tàbí tó jẹ́ obìnrin tí ojú ìlà tó là sírun ń fẹ̀ sí i, àjogúnbá ló sábà máa ń jẹ́, yálà láti ìdílé bàbá tàbí ti ìyá. Lára ọkùnrin, họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní DHT ló ń sọ ihò irun di kékeré, tí irun ibẹ̀ fi ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Bó bá ń re káàkiri orí, ẹ ronú sẹ́yìn: ṣé ibà líle ni, iṣẹ́ abẹ, ọ̀fọ̀ ńlá, oògùn tuntun, àbí ebi tí ẹ fi pa ara yín kí ẹ lè tètè fọn? Irú èyí sábà máa ń tán fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá ìkókó. Nígbà oyún, họ́mọ̀nù dá irun tó yẹ kó re dúró. Lẹ́yìn ìbímọ, gbogbo wọn á jọ re. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń ta oògùn olówó gọbọi fún ìyá ìkókó lórí ohun tí àsìkò yóò wò.

Ojú ibi róbótó tó ń dán, tí kò dun èèyàn, lè jẹ́ pé agbára tó ń dáàbò bo ara ló kọjú ìjà sí ihò irun. Ihò náà ò kú, irun lè padà hù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ lórí ọmọdé, tó ń hó, tó ń yún un, tí irun sì ń já níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lápalàpá. Ìpara nìkan kì í wò ó, torí kòkòrò rẹ̀ ti wọ inú ihò irun lọ. Oògùn gbígbémì tí dókítà bá kọ ló ń wò ó. Kẹ́nikẹ́ni má bá ọmọ náà lo ìyarun tàbí fìlà pọ̀.

Èyí tí mo ní kò gba ìdúró nìyí: àtàrí tó ń ta èèyàn, tó ń gbóná, tó sì ń dán débi pé ihò irun ò hàn níbẹ̀ mọ́. Ihò tó bá ti di àpá kì í hu irun mọ́. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹ dẹ ìdì náà

Èyí ló ká mi lára jù, torí ọwọ́ wa la fi ń fà á. Irun tí wọ́n di le, èyí tí wọ́n so sẹ́yìn pinpin lójoojúmọ́, irun àtamọ́ (attachment) tó wúwo, gbogbo wọn ló ń fa irun láti ìdí. Ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí àti òkè etí ló kọ́kọ́ ń fi hàn. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ di irun: bí ẹ bá rí róro kéékèèké, tí awọ ibẹ̀ na tan-tan, tí ẹ ò sì lè fi orí lélẹ̀ láìsí ìrora, ó ti le jù. Ẹ tú u lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí owó tí ẹ san pọ̀ tó. Kí a gbé oògùn ìrora mì ká sì sùn kò tú irun sílẹ̀. Bí a bá tètè dáwọ́ dúró, irun á padà hù láàárín oṣù díẹ̀. Bó bá pẹ́ tó ọdún mélòó kan, ó lè di àpá. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń di irun ọmọ kékeré pé kó fi irun wẹ́wẹ́ iwájú orí sílẹ̀.

Dídì ńlá tó dẹ̀ sàn ju wẹ́wẹ́ lọ. Kó má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí, kí ẹ fún orí nísinmi kí ẹ tó ṣe òmíràn, kí ẹ má sì di irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kẹ́míkà sí.

Ní ti fífọ̀, awọ orí ni kí ẹ fi ṣáńpù fọ̀, kí conditioner wà lára irun. Irun tó ká kókó, ìgbà tó bá tutù tí conditioner wà lára rẹ̀ ló rọrùn jù láti tú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó wá sí ìdí. Òróró kì í hu irun. Ara irun tó ti yọ síta jẹ́ òkú. Òróró kàn ń dín bó ṣe ń já kù ni.

Àyẹ̀wò àti oògùn

Bó bá ju oṣù mẹ́fà lọ tó ṣì ń re, dókítà á fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: bóyá èròjà iron dín nínú rẹ̀, àti bóyá ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ẹ bá ń lo biotin, ìyẹn fítámì kan tí wọ́n ń tà fún irun, ẹ sọ fún un ṣáájú, torí ó lè da èsì àyẹ̀wò thyroid rú. Ẹ má sì kàn máa gbé fítámì mì. Fítámì A tó bá pọ̀ jù a máa mú kí irun re.

Minoxidil tí wọ́n ń fi pa awọ orí, tó bẹ̀rẹ̀ bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988 fún irun ọkùnrin. Obìnrin náà ń lò ó báyìí, àyàfi aboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Irun lè re sí i lọ́sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má torí ìyẹn jù ú nù. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ohun tó hù á padà re. Finasteride, oògùn oníhóró tí wọ́n ń gbé mì, jẹ́ ti ọkùnrin, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́, torí ó lè dí ìbálòpọ̀ àwọn kan lọ́wọ́. Aboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó bá fọ́. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí ẹ fún oògùn, kí ẹ wá fi àwòrán oṣù kìíní wé ti oṣù kẹfà pẹ̀lú dókítà yín kí ẹ tó pinnu bóyá ó ṣiṣẹ́.