Bí mo ṣe to ìtọ́kasí inú àpilẹ̀kọ mi

Ìlànà tí jọ́nà tí mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ mi ránṣẹ́ sí ń lò ni mo kọ́kọ́ wádìí. APA ni, ìlànà ìtọ́kasí ti American Psychological Association, ẹ̀dà keje. Nọ́ńbà ẹ̀dà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré o: nínú ẹ̀dà kẹfà, bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún, gbogbo orúkọ wọn lèèyàn ń kọ nígbà àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀dà keje tó jáde ní 2019, tí wọ́n bá ti pé mẹ́ta, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ àti "et al." (ìyẹn, "àti àwọn yòókù") ti tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kàwé ni mo ń kọ orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú-ìwé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá dà kọ gẹ́lẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń fi àmì àyọlò sí i, torí tó bá yá, èèyàn kì í mọ èwo ni tòun, èwo ni ti oníwèé mọ́. Àyọlò tó bá ti tó 40 ọ̀rọ̀ ń dá dúró ní tirẹ̀, a ó tì í wọnú díẹ̀, kò sì ní gba àmì àyọlò.

Ibi tó gba sùúrù jù ni ọ̀rọ̀ àgbàsọ. Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ lò. Inú ìwé 2011 ni mo ti rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ti yọ ọ́ lò láti inú àpilẹ̀kọ 1974. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò kàn kọ 1974 síbẹ̀ bí ẹni tó kà á. Irọ́ nìyẹn, bó ti wù kó kéré mọ. Mo wá ti 1974 náà rí, àṣé "lọ́pọ̀ ìgbà" wà nínú gbólóhùn ọ̀hún tí oníwèé kejì ti fò dá! Ti àkọ́kọ́ ni mo tọ́ka sí. Òmíràn wà tí mo wá títí tí n kò rí. Èyí, mo dárúkọ àwọn méjèèjì nínú àkámọ́, mo fi "as cited in" (bí a ṣe tọ́ka sí i nínú) sáàárín wọn, ìwé tí mo kà gan-an nìkan ló sì wọ àtòjọ ẹ̀yìn.

Ìyókù kò le. Òǹkọ̀wé kan náà, ìwé méjì lọ́dún kan náà: 2015a, 2015b. Èyí tí kò ní ọdún: "n.d." ("no date"). Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá mi sọ lórí ímeèlì kì í wọ àtòjọ rárá, torí òǹkàwé kò níbi tó ti lè rí i.

Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ìtọ́kasí, ló bá mi to àtòjọ náà. Ó yára, àmọ́ ohun téèyàn bá kó fún un ló ń kó jáde, nítorí náà mo yẹ lẹ́tà ńlá àti DOI (nọ́ńbà tí a fi ń dá àpilẹ̀kọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ àtòjọ sórí bébà, mo ń ka àpilẹ̀kọ lọ, mo sì ń fi bírò sàmì sí orúkọ tí mo bá pàdé. Ìwé kan ò ní àmì kankan. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an nígbà tí mo kà á, àmọ́ n kò lò ó níbì kankan. Mo yọ ọ́.