Bí mo ṣe múra àwọn olùpèsè wa sílẹ̀ fún àmì àyíká tó túbọ̀ le

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn olùpèsè wa: ṣé ọjà yín bá òfin RoHS mu, èyí tó ń dí àwọn èròjà olóró kan lọ́nà nínú ẹ̀rọ iná? Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìdáhùn ti kún inú ímeèlì mi. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó bá a mu." "A ti ṣe é tipẹ́." Àwọn kan tiẹ̀ fi sàtífíkéètì ránṣẹ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀ gbàǹgbà. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Oṣù mẹ́sàn-án ló tún gbà wá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Mónítọ̀ kọ̀ǹpútà ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Èmi ni mò ń rí sí àwọn tó ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wá fún wa: ike, wáyà, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi ń dúró. A ti gba àmì àyíká fún un tẹ́lẹ̀, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé ọjà kò ba àyíká jẹ́ jù, ṣùgbọ́n ìlànà tuntun jáde tó le ju ti àtijọ́ lọ, a sì gbọ́dọ̀ tún un gbà. Kì í ṣe ohun tá a lè fojú fò. Ọ̀pọ̀ ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńlá ló ń kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń wá ọjà pé ẹ̀rọ tí kò bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń tà á má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Ó ti pẹ́ tí irú àwọn àmì yìí ti wà. Blue Angel ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 1978, TCO Certified ti Sweden bẹ̀rẹ̀ ní 1992, EPEAT ti Amẹ́ríkà dé ní 2006. Ohun tó jọ nínú wọn ni pé ẹlòmíì ló máa yẹ ọjà rẹ wò. O ò lè jẹ́rìí ara rẹ. Wọn kì í sì í dúró sójú kan. TCO Certified ti dé ìran kẹwàá báyìí, bẹ́ẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan ló ń fún ìdè náà le sí i.

Ibi tí mo ti ṣìnà rèé. RoHS jẹ́ òfin ilẹ̀ Yúróòpù. Èròjà mẹ́wàá ló ká lọ́wọ́ kò: òjé, mẹ́kúrì, cadmium, oríṣi chromium kan, PBB àti PBDE tí wọ́n ń fi sínú ike kó má baà tètè gbiná, pẹ̀lú phthalate mẹ́rin, àwọn tó ń mú ike rọ̀, tí òfin náà mú láti 2019. Èyíkéyìí nínú wọn kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Ti cadmium, ìdá kan nínú 10,000. Ohun tí a sì ń wọ̀n kì í ṣe odindi mónítọ̀ o, ohun kékeré tí ọ̀bẹ kò lè tún pín sí oríṣi méjì mọ́ ni: èèpo wáyà lọ́tọ̀, bàbà inú rẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀dà tí wọ́n fi kọ nǹkan sí i lára lọ́tọ̀.

Ohun tí kò bá sí lára mẹ́wàá yẹn, òfin yìí kò bá ọ wí. Nítorí náà oníke lè yọ èyí tí òfin dárúkọ, kó fi mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò rọ́pò rẹ̀. Àmì tá a ń lé dojú ọ̀rọ̀ náà dé. Ní ti àwọn èròjà tó ń dènà iná àti àwọn tó ń mú ike rọ̀, àkójọ kan wà fún àwọn tó gba àṣẹ. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí ibi tí o máa lò ó nìyẹn. Òfin ń sọ pé, "Má lo èyí." Àmì ń sọ pé, "Èyí nìkan ni kó o lò." Gbogbo àwọn tó dá mi lóhùn ló dáhùn dáadáa. Èmi ni mo béèrè ohun tí kò yẹ.

Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé mónítọ̀ kan sórí tábìlì, mo tú u palẹ̀ pátápátá, mo tò ó sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ. Mo wọn ike kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kékeré, nítorí pé ike tó bá wúwo kọjá ìwọ̀n kan ni ìlànà náà máa ń tẹjú mọ́ jù. Iṣẹ́ yẹn gbà mí ní ọjọ́ méjì, òun ló sì wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Orúkọ ẹni tó ta nǹkan fún wa ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ohun tó tà fún wa gan-an. Àwọn rọ́bà pẹlẹbẹ mẹ́rin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mónítọ̀ náà, kò tilẹ̀ sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹni tó ń rọ ẹsẹ̀ fún wa ló ń rà wọ́n lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni yẹn náà sì ń rà wọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Lẹ́yìn náà ni mo pín àwọn olùpèsè wa sí ọ̀nà mẹ́ta, kì í ṣe ní ìwọ̀n owó tá a ń san fún wọn. Àwọn tó ń ṣe gíláàsì ojú mónítọ̀ ni owó wa ń lọ sọ́dọ̀ wọn jù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀ka odindi tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí. Ímeèlì kan ti tó fún wọn. Àwọn oníwáyà, onírọ́bà, àwọn tó ń ṣe ike fún wa níye kékeré, àwọn ni mo kó ọ̀rọ̀ wọn lé orí. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju ogójì lọ kò ní akọ̀wé tó máa ka ìlànà olójú-ewé ọgọ́rùn-ún. Mo kọ ìwé olójú-ewé méjì fún wọn, mo sì ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo béèrè nígbà kejì ni orúkọ èròjà gan-an àti nọ́ńbà CAS rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá èròjà kọ̀ọ̀kan mọ̀ kárí ayé, kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ìjà dé. "Àṣírí òwò wa nìyẹn," ni oníke kan sọ fún mi, mo sì gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó tú u ni pé mo ní kí ẹni tó ń po ike náà má sọ fún èmi rárá; kó kọ ọ́ tààrà sí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n fi wé ìdíwọ̀n GreenScreen, tó ń sọ bí èròjà ṣe léwu tó láti 1 dé 4. Èyí tó bá gba 1, ó yẹ kéèyàn sá fún un. Èyí tó gba 4 ló sàn jù. Èmi a kàn gbọ́ bóyá ó yege. Mi ò tíì mọ ohun tó wà nínú ike yẹn títí dòní, kò sì dùn mí.

Wáyà ló fẹ́ yọ mí lẹ́mìí.

A ní ẹ̀rọ XRF, èyí tó dà bí ìbọn, tí wọ́n máa ń kọjú sí nǹkan kó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A kọjú rẹ̀ sí wáyà, ó ní kò séwu. Àṣé kò lè rí ohun tá a ń wá. Òjé, cadmium, bromine, ìyẹn ló ń rí. Carbon, hydrogen àti oxygen ni wọ́n fi ṣe phthalate, àwọn yẹn sì fúyẹ́ jù fún un, bíi kéèyàn máa fi àjọ̀ wá omi. Mo fi wáyà náà ránṣẹ́ sí láàbù tó ń lo IEC 62321, ìlànà àgbáyé fún wíwá irú èròjà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ iná, èsì dé: DEHP, ọ̀kan nínú phthalate mẹ́rin yẹn, ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ díẹ̀.

Mo pe ọ̀gá oníwáyà. Ó gbọ́ tán, ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ tún un yẹ̀ wò. Wáyà tèmi mọ́." Ó fi ìwé tó fi ra ike ránṣẹ́, ó fi èsì láàbù tiẹ̀ náà ránṣẹ́. Ike tó rà kò ní DEHP nínú lóòótọ́. Ẹlòmíì ì bá ti lé e dànù níbẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà kejì, mo ní kí láàbù gé wáyà náà níbi mẹ́ta: ẹ̀bá orí tí wọ́n ń kì bọ iná, àárín, àti ẹ̀gbẹ́ ìta níbi tí wọ́n ti ká a jọ. Orí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìta ló ní in. Tó bá jẹ́ inú ike ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó dọ́gba yí po. Ìgbà náà ni mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mo dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń ká wáyà, mo sì rí i: wọ́n fi rọ́bà PVC tó rọ̀ kẹlẹ́kẹlẹ́ bo orí tábìlì náà, kí wáyà má baà ha. Ọ̀pọ̀ ọdún ni rọ́bà náà ti wà níbẹ̀, ó ti ń dán. Wáyà máa ń sùn sórí rẹ̀ láti ọjọ́ Jimọ̀ di ọjọ́ Ajé.

Èròjà tó ń mú PVC rọ̀ kò so mọ́ ọn. Ńṣe ló kàn wà láàárín rẹ̀, ó sì ń rìn lọ sára ohun tó bá fara tì í, bí òróró ṣe ń gba inú bébà kan bọ́ sí òmíràn. A gé rọ́bà orí tábìlì náà díẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò: DEHP kún inú rẹ̀. Wọ́n fi pátákó lásán rọ́pò rẹ̀, wọ́n yí ọ̀rá tí wọ́n ń di wáyà sí náà padà. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà mọ́ láti orí dé ìdí. Ọkùnrin yẹn sọ òótọ́ fún mi láti ọjọ́ kìíní, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ike àtúnlò kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Olùpèsè kan kọ ọ́ pé ìdajì ike òun jẹ́ àtúnlò. Mo béèrè pé níbo ló ti rí i. Ó ní èyí tó bá já lára mọ́lìdì nínú ilé iṣẹ́ òun ni òun ń lọ̀, tí òun ń dà padà. ISO 14021, ìlànà àgbáyé lórí ohun tí ilé iṣẹ́ lè sọ nípa ọjà rẹ̀ àti àyíká, kò ka ìyẹn sí àtúnlò rárá, nítorí pé kò tíì jáde kúrò nílé. Èyí tí àwa ń wá ni èyí tí èèyàn ti lò tẹ́lẹ̀ tó sì ti dànù. Nígbà tó wá rí oríṣi yẹn rà, wàhálà mìíràn yọjú: irú ike bẹ́ẹ̀ lè ti ara tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wá, PBDE ọjọ́ pípẹ́ sì lè bá a wọlé. Apá kan ìlànà ń sọ pé kó o lo ike àtúnlò sí i, apá kejì ń sọ pé kó o má jẹ́ kí ohun tó wà nínú ike àtijọ́ wọlé. Ibí ni ìbọn XRF wa ti wúlò, nítorí pé ó ń rí bromine, èyí tó wà nínú PBDE. A fẹnu kò pé ẹrù kọ̀ọ̀kan tó bá dé, kí wọ́n yìnbọn sí i kí wọ́n tó dà á sínú ẹ̀rọ. Èyí tí bromine bá pọ̀ nínú rẹ̀ á lọ sí láàbù.

Ti òjé, ti ìwé tó ń sọ ibi tí àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì bíi tánńganran àti wúrà ti wá, mi ò ní fi dà yín láàmú. Fọ́ọ̀mù wà fún un, èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ sí i, a máa pe ẹni tí kò bá kọ ọ́. Ó ń súni ni, kò le.

Ohun tó ká mi lára ju wáyà lọ ni omi tí wọ́n fi ń nu ojú mónítọ̀. Ìlànà tuntun kò dúró sí ohun tó wà nínú ọjà mọ́. Ó ń béèrè ohun tó ń kan ọwọ́ òṣìṣẹ́. Nílé iṣẹ́ kan tó ń to mónítọ̀ pọ̀ fún wa, mo bá ìgò kan tí kò ní orúkọ lára. N-hexane ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó tètè gbẹ, iṣẹ́ a sì yá. Ó tún máa ń ba iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó bá ń fa èéfín rẹ̀ símú lójoojúmọ́. Mo ní kí wọ́n fi omíì tó gba àṣẹ rọ́pò rẹ̀. Alábòójútó ibẹ̀ wò mí, ó ní, "Ẹ máa fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi gbẹ?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Àwa la kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé iye mónítọ̀ báyìí ni kó jáde ní wákàtí kan. Mo padà lọ bá àwọn tó ń ra ọjà nílé iṣẹ́ wa, a jọ fa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dín iye náà kù. Kò wù wọ́n. Bákan náà ni wákàtí iṣẹ́: ìlànà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ ju wákàtí 60 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kọjá ààlà jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ yí iye tá a fẹ́ padà.

Olùpèsè méjì fi wá sílẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó parí. Ọ̀kan ní wàhálà wa pọ̀ ju èrè tó wà níbẹ̀ lọ, mi ò lè bá a jiyàn.

Nígbà tí olùyẹ̀wò dé, ọ̀dọ̀ oníwáyà ló ní kí a kọ́kọ́ mú òun lọ. Ó yẹ ìwé wò, ó yẹ ọ̀rá wò, ó wá dúró níwájú ògiri tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti gé rọ́bà àtijọ́ yẹn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ara ògiri, nínú ọ̀rá tí wọ́n dì pinpin. Ó béèrè pé kí nìyẹn. Kí ọ̀gá tó la ẹnu, ọmọbìnrin tó ń ká wáyà ti dá a lóhùn láìgbé ojú sókè: "Tábìlì wa tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ fara kan wáyà mọ́."