Tí ìjì bá ká páànù ilé yín l'Abuja: bẹ́ ẹ ṣe máa rówó ìnṣọ́ránsì gbà

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ti kọ́lé sí Lugbe, Kubwa, Kuje àti Mararaba lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé ìwé ìnṣọ́ránsì ilé yín jáde lónìí kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀, "storm". Wọ́n lè kọ ọ́ mọ́ "tempest" tàbí kí wọ́n kọ "windstorm". Tẹ́ ò bá rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná nìkan lẹ̀ ń sanwó fún látọjọ́ yìí o, bí ìjì bá wá gbé òrùlé lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ru ẹrù yẹn.

Ohun tójú mi rí ládùúgbò wa ní Lugbe ló jẹ́ kí n máa pariwo ẹ̀. Oṣù kẹrin ni, àsìkò tí ooru máa ń mú débi pé èèyàn ò ní lè sùn, ẹ sáà mọ bó ṣe máa ń rí níbí, eruku á kọ́kọ́ yọ láti ìlà oòrùn, ojú ọ̀run á ṣú, ìjì á ti dé kí ẹ̀kán òjò kan tó kán. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó ti ká páànù àǹtí kan tó múlé gbè wá pẹ̀lú igi tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó lọ kó o sínú ọgbà ẹlòmíì. Àǹtí yìí ní ìnṣọ́ránsì, ọdọọdún ló ń san án, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ìgbà tó gbéwèé dé ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ṣí i hàn án pé iná, àrá àti gáàsì ìdáná tó bá bú gbàù ló wà níbẹ̀. Wọn ò purọ́, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, àmọ́ ẹni tó tà á fún un ò ṣàlàyé, òun náà ò sì kà á. Owó iléèwé àwọn ọmọ ló fi ra páànù. Ó dùn mí wọra.

Ìnṣọ́ránsì iná lásán tí ọ̀pọ̀ wa ń rà kì í wo ti ìjì. Ìjì, àgbàrá, rògbòdìyàn, mọ́tò tó wá kọlu ògiri, inú ohun tí wọ́n ń pè ní special perils ni gbogbo ìyẹn wà, ẹ máa fowó kún owó kí wọ́n tó fi í sí i fún yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní houseowner tàbí householder ló sábà máa ń kó ìjì mọ́ra látìbẹ̀rẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá jókòó ti búrókà, ẹ ní kó fìka tọ́ yín síbi tí wọ́n kọ ìjì sí, kẹ́ ẹ kà á fúnra yín, ohun tí wọ́n bá fẹnu sọ lásán ò ní ràn yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ayálégbé ni yín, ti lándílọ́ọ̀dù ni ilé, àwọn ẹrù yín lẹ̀yin máa ra tiẹ̀ fún.

Iye tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Iye tó máa ná yín láti tún ilé yẹn kọ́ lẹ máa kọ, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ lè tà á, torí ìjì ò lè gbé ilẹ̀ lọ. Ká ní mílíọ̀nù 40 náírà ló máa kọ́ ọ padà, ẹ wá kọ mílíọ̀nù 20 torí kí owó tẹ́ ẹ máa san lè kéré, tí ìjì bá ba òrùlé mílíọ̀nù 4 jẹ́, mílíọ̀nù 2 ni wọ́n máa ṣírò fún yín torí ìdajì iye ilé lẹ kọ, wọ́n á tún yọ excess kúrò, ìyẹn iye tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ fara mọ́. Ẹ wo bí páànù àti pákó ṣe ń wọ́n sí i lọ́jà Dei-Dei, iye tẹ́ ẹ kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ò lè tó mọ́. Kẹ́ ẹ sì sanwó kí ọjọ́ tó pé, òfin ìnṣọ́ránsì ló sọ ọ́ pé tówó ò bá tíì wọlé, ààbò ò sí.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọn kì í fẹ́ san. Fẹ́ǹsì àti géètì, ọ̀pọ̀ ìwé ló yọ wọ́n kúrò nínú ti ìjì. Òjò tó gba ojú fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ wọlé náà ò sí níbẹ̀, àfi tí ìjì bá kọ́kọ́ já ibì kan kí omi tó gbabẹ̀ wọlé. Igi òrùlé tí ikán ti jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní ogbó ló pa á. Sólà tẹ́ ẹ gbé sórí òrùlé, ẹ béèrè tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ jáde, kẹ́ ẹ pa iná NEPA láti mítà, kẹ́nikẹ́ni má gun orí òrùlé o. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó gbá nǹkan kan, ẹ ya fọ́tò àti fídíò gbogbo ẹ̀, òrùlé, sílìn, bẹ́ẹ̀dì tó rẹ, páànù tó wà lọ́gbà aládùúgbò. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ ránṣẹ́ torí ìwé ló ń jẹ́rìí. Ẹ lè ta tàpólì bò ó kí òjò má bà á jẹ́ sí i, wọ́n tiẹ̀ ń retí pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀, àmọ́ kápẹ́ńtà ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń ra irin àlòkù kó páànù tó ti ká lọ, àfi tí adjuster bá ti wá wò ó. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń rán adjuster yìí wá, òun ló máa sọ iye tó bà jẹ́. Ẹ bá a gun àkàbà, ẹ gbé iye tí kápẹ́ńtà yín kọ sílẹ̀ fún un, ẹ fi fọ́tò òrùlé ṣáájú ìjì hàn án tẹ́ ẹ bá ní. Wọ́n lè béèrè ìwé látọ̀dọ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́, pé ìjì jà lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, torí náà ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀.

Tí wọ́n bá wá gbé ìwé discharge wá, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí kẹ́ ẹ tó gbowó, pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, ẹ rọra kà á. Tó bá ti wà níbẹ̀ pé owó yìí ló parí ọ̀rọ̀, tí owó ọ̀hún ò sì tó, ẹ má tíì fọwọ́ sí i, ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀. Tí wọn ò bá dáhùn, NAICOM ni àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, Abuja níbí ni olú iléeṣẹ́ NAICOM wà, wọ́n sì ń gba ẹ̀sùn, ẹ kó ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà, fọ́tò àti rìsíìtì lọ síbẹ̀.