Bí Ọlọ́kadà Ṣe Lè Yanjú Ìwé Ẹ̀sùn Eré Àsápajúdé Ní Ìbàdàn

Ẹni tó ń gun alùpùpù ní Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀nà tó bá fẹ̀, bí èyí tó ti Ìwó Road lọ sí Òjóò, máa ń tan ènìyàn láti sáré. Bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá wá dá a dúró níbẹ̀, tí wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀sùn lé e lọ́wọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ká ìwé náà, wọ́n á tì í sápò, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì wọn. Ìwé náà gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ohun méjì ni yóò pinnu bóyá owó díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò gbà tàbí yóò di ti ilé ẹjọ́: orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ iye eré tí ẹ sá.

Ṣùgbọ́n ojú títì ni ẹ̀sùn kékeré ti máa ń di ńlá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá nawọ́ dá yín dúró, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí akoto kí wọ́n lè rí ojú yín, kí ẹ sì kí wọn. Ọlọ́kadà tó bá yí orí alùpùpù padà, tó kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, tó sì já wọ àárín àdúgbò, ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀sùn eré sísá di ẹ̀sùn ìwakọ̀ eléwu. Bákan náà, ẹ má ṣe ki owó sí abẹ́ láísẹ́ǹsì kí ẹ tó nà án sí òṣìṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ka èyí sí ọ̀nà àbùjá, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú àtòjọ ìtanràn FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀: ẹni tó bá gbìyànjú láti fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ òṣìṣẹ́ wọn yóò san ₦10,000, póìǹtì 10, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n máa ń kà jọ sórí láísẹ́ǹsì, ni wọn yóò sì kọ sí i lọ́rùn.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ni èyí: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí iye eré tí ẹ̀rọ yín kọ?" Bí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ fi iye náà sọ́kàn. Bí wọ́n bá ní kò sí ẹ̀rọ, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn, ẹ ó sì rí ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́. Bí ẹ bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹ dúró níwájú díẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú fóònù: aago tó lù, orúkọ tó wà láyà òṣìṣẹ́ náà, ibi tó dúró sí, àti ọkọ̀ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà náà. Ohun tí ènìyàn kò kọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ohun tó máa rántí dáadáa lóṣù kejì níwájú adájọ́.

Ó kan ìwé náà wàyí. Ẹ kọ́kọ́ wo àjọ tó ni ín. FRSC jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, OYRTMA jẹ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, owó ọ̀kan kì í sì í pa gbèsè èkejì rẹ́. (Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988, nítorí náà kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró nílùú yìí.) Iye owó tí mò ń sọ níhìn-ín, ti FRSC ni. Ẹ wo bóyá orúkọ yín, nọ́ńbà alùpùpù, ibi àti àsìkò bá bó ṣe rí mu, kí ẹ sì wá lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún ẹ̀ṣẹ̀ náà. SLV ni kíkọjá iye eré tí òfin gbà, ₦3,000 ni pẹ̀lú póìǹtì 3. DGD ni ìwakọ̀ eléwu, ₦50,000 ni pẹ̀lú póìǹtì 10. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó gbà pé "eré ni wọ́n kọ fún mi" láìmọ̀ pé DGD ló wà nínú ìwé rẹ̀.

Póìǹtì ló yẹ kó ba ọlọ́kadà lẹ́rù ju owó lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. Bó bá jẹ́ 15 sí 20, wọn yóò dá láísẹ́ǹsì rẹ̀ dúró fún ìgbà kan, bó bá sì tó 21, wọn yóò gbà á. Ẹ wá ro ẹni tí wọ́n mú lọ́jọ́ kan ṣoṣo fún ìwakọ̀ eléwu, eré àsápajúdé, àti àìdé akoto tí ó jẹ́ póìǹtì 2: 15 ti pé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń fi ọ̀kadà jẹun sì ti di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́.

Kí a tó sọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, ẹ jẹ́ kó yé wa pé 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà fún alùpùpù láàárín ìlú. Ọgọ́rùn-ún tí ènìyàn máa ń gbọ́ nípa ọ̀nà márosẹ̀, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni ni, kì í ṣe tiwa. Ẹni tó bá sọ fún adájọ́ pé mítà alùpùpù òun ti kú, òun kò mọ iye tí òun ń sá, kò gba ara rẹ̀ sílẹ̀ rárá.

Bí wọ́n bá fi rédà wọn eré yín, ó dára kí ẹ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń ju ìgbì rédíò síwájú, ìgbì náà á kan ọkọ̀, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi ìyàtọ̀ tó wà nínú èyí tó lọ àti èyí tó bọ̀ ṣírò eré. Ṣùgbọ́n ìgbì yìí máa ń fẹ̀ bó bá ṣe ń jìnnà sí i, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ó lè bo ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Alùpùpù kò ní ara púpọ̀ tí ìgbì lè kàn padà. Bí takisí Máíkírà kan bá ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Challenge, eré Máíkírà náà ni ẹ̀rọ lè kọ, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n dá dúró. Àríyànjiyàn tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nìyí. Àríyànjiyàn pé òṣìṣẹ́ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́, tí kò kọjú ẹ̀rọ sí yín tààrà, kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí rédà bá wo ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀, iye tó kéré sí eré gidi ló máa ń kọ, nítorí náà ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú adájọ́ ń ran ẹni tó fẹ̀sùn kàn án lọ́wọ́ ni.

Bó bá wá jẹ́ pé ojú lásán ni wọ́n fi wò yín ńkọ́? Abala 203 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ dá ènìyàn lẹ́bi eré àsápajúdé lórí ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo tó ní lójú tòun, ó sáré. Ohun tó yọ èyí sílẹ̀ ni kí ẹ̀rí náà wá láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tí a fún láṣẹ, tó ń lo ẹ̀rọ tí ń gba eré sílẹ̀ lásìkò náà, kí wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà wá síwájú ilé ẹjọ́ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ béèrè nípa ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbójú lé e bó bá jẹ́ DGD ni wọ́n kọ, nítorí eré sísá nìkan ni abala yìí dárúkọ.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín báyìí. Ẹ lè san ìtanràn, ìyẹn ni pé ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi, tàbí kí ẹ ní ilé ẹjọ́ ni ẹ fẹ́. Ní tèmi, bó bá jẹ́ SLV, tí ẹ sì mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹ sáré, ẹ san án kí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ tó kọjá, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Owó ọkọ̀ sí kọ́ọ̀tù àti iṣẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ pàdánù lè ju ₦3,000 lọ. Bó bá jẹ́ DGD, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá agbẹjọ́rò kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Níwájú adájọ́ májísíréètì, ìbáà jẹ́ ní Ìyágànkú tàbí ní ilé ẹjọ́ alágbèéká tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, abala 36 nínú ìwé òfin ọdún 1999 wà fún yín: aláìlẹ́bi ni yín títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí gbe ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tó yé yín, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín láyè tó tó láti múra, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan owó bí Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ kò bá yé yín. Bí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ jẹ̀bi, ẹ má ṣe dáhùn pé "mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n Máíkírà ló sáré." "Mo jẹ̀bi" nìkan ni wọn yóò kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tàbí agbẹjọ́rò yín lẹ ó bi òṣìṣẹ́ náà ní ìbéèrè: ọkọ̀ mélòó ló wà lójú ọ̀nà nígbà náà, ta ló di ẹ̀rọ mú, ìgbà wo ni wọ́n dán an wò kẹ́yìn, àkọsílẹ̀ rẹ̀ dà? Ọjọ́ tí wọ́n bá dá, ẹ má ṣe pa á jẹ, nítorí adájọ́ lè pàṣẹ pé kí wọ́n lọ mú yín wá.

Bí ẹ bá san owó, ilé ìfowópamọ́ tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti sanwó, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́ kankan. Ẹ mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n kọ sínú ìwé náà, kí ẹ gba láísẹ́ǹsì tàbí alùpùpù tí wọ́n gbà, kí ẹ sì yẹ alùpùpù náà wò, láti orí dígí títí dé bátìrì, kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ ti gbà á. Ẹ ya àwòrán rìsíìtì náà lọ́jọ́ náà gan-an, torí ìwé tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ máa ń ṣí kíákíá nínú ooru.